Omi Tí Bàbá Ń Tọ́ Wò

Wọ́n ní tí ènìyàn bá kú, ibi tó dára lára rẹ̀ ni kí a máa sọ. Àwọn tó wá kí wa ní Ṣakí nígbà tí Bàbá mi àgbà kú ti sọ ìyẹn tán. Wọ́n ní kì í fi ìrun jáfara, wọ́n ní ó mọ àlejò tọ́jú, wọ́n ní kò jẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tó dárúkọ àgídí, bẹ́ẹ̀ àgídí ni èmi fi mọ Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ rántí rẹ̀ láìrántí àgídí rẹ̀, bàbá ẹlòmíì ló ń rántí.

Bàbá Rájí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Rájí ni àkọ́bí rẹ̀. Rájí yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, èmi ń pè é ní Bọ̀dá Rájí, òun ló sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí Bàbá ní. Wọ́n ń fi ọkọ̀ náà kó iṣu àti èrò láti Ìgbòho wá sí Ṣakí, wọn a sì gbé e gba Ìṣẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn. Bọ̀dá Rájí a máa wa ọkọ̀, Bàbá a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa jiyàn títí wọn á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fà: kí ló yẹ kí a máa bù sí rédíétọ̀, ìyẹn ìkòkò omi iwájú ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ gbogbo ilé wa, òun náà ló sì ń rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ohun gbogbo kú nìyẹn.

Ẹ wá wo bí Bàbá ṣe ń fún ọkọ̀ lómi. Á kọ́kọ́ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá ń hó, torí ó ti fojú rí awakọ̀ kan tí omi gbígbóná bó lójú ní gáréèjì. Bí Bọ̀dá Rájí bá ń kánjú, Bàbá a ní, "Rájí, a kì í ṣí ẹnu ẹni tó ń bínú." Ìyá àgbà a sì dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń ṣí tèmi lójoojúmọ́!"

Tó bá ti wá tutù, Bàbá a gbé kẹ́ẹ̀gì omi sọ̀kalẹ̀, a da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a sì tọ́ ọ wò. A yí omi náà lẹ́nu, a gbójú sókè bí ìyàwó ilé tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kó tó gbé e mì. Bí omi náà bá níyọ̀ díẹ̀ tàbí tó ń rùn, a da gbogbo rẹ̀ nù, a ní kí a lọ pọn òmíràn. Àìmọye ìgbà ni mo ti lọ sí kànga, tí mo padà dé, tí wọ́n tún ní kí n padà lọ, nítorí ẹnu Bàbá. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, omi tó bá dà láti orí páànù sínú àgbá, ti ọkọ̀ ni. Àwa ọmọ aráyé, ká lọ mu ti kànga. Ní gáréèjì, ó máa ń tọ́ ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wò pẹ̀lú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní Bàbá Atọ́miwò, inú rẹ̀ sì ń dùn sí orúkọ náà, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Lọ́jọ́ kan tí ọrùn ń dùn mí, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ní ọ̀fun ni?"

Ó ní, "Èmi ni mo ní ọ̀fun, Àjíkẹ́. Ohun tí ẹnu mi bá kọ̀, ọkọ̀ mi ò ní mu ún."

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó nídìí. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ pákó lẹ́yìn orí dírẹ́bà. Láti inú rẹ̀ ni rédíétọ̀ ti ń mu, láti inú rẹ̀ náà ni èrò ti ń mu. Ojú ọ̀nà Ìgbòho sí Ṣakí nígbà yẹn, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i, tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, odò gbogbo á ti gbẹ, ètè á ti là, ènìyàn lè rìn títí kó má rí ẹni tó máa bu omi fún un. Gbogbo onímọ́tò apá ọ̀dọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kàn fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀sìn ni.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Rájí náà kò jẹ̀bi. Mẹkáníìkì tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn ti sọ fún un pé omi lásán ń mú irin dípẹtà, àti pé omi kànga wa, èyí tó ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù tí a fi ń se omi, ohun kan náà ló ń fi sílẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nínú rédíétọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tú ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ níṣojú gbogbo wa. Omi tó jáde pọ́n kuku.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ìpẹtà nìyí. Ó ń jẹ ọkọ̀ wa lọ díẹ̀díẹ̀."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó mi orí. "Ó jọ àgbo," ó wí. "Ìyẹn ni ara ọkọ̀ fi le láti ọjọ́ yìí." Kí ni a fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bọ̀dá Rájí da omi náà nù, ó sì lọ jókòó lábẹ́ igi.

Ìgbà tí rédíétọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àwọn awakọ̀ kó ìmọ̀ràn wá. Èyí ní kí a ju ewé tábà sí i, èyí ní ata gígún, ẹlòmíràn ní kí a pa ẹyin sí i, pé yóò lọ dí ojú ibi tó ń jò. Bọ̀dá Rájí ní kí a jẹ́ kí àwọn tó ń jó irin pọ̀ jó o. Bàbá kọ gbogbo rẹ̀. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀, ó wọ yàrá Ìyá àgbà, ó bu èlùbọ́ rẹ̀, èlùbọ́ iṣu Ṣakí tó kúnná bí àtíkè, ó sì dà á sínú rédíétọ̀. Ó ní èlùbọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, kò lè pa ènìyàn. Nígbà tí wọ́n gbéra lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n kọjá Ìṣẹ́yìn díẹ̀, òórùn oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ imú àwọn èrò. Wọ́n rò pé ẹnìkan ń jẹun lẹ́yìn ọkọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dúró, tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí wọ́n ṣí ìdérí, ọkà ló ń yọ orí jáde. Ọkọ̀ ti ro ọkà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní ọkà náà dán, kò tilẹ̀ ní kókó.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n fà á padà sí. Mẹkáníìkì tó tú rédíétọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ń béèrè pé, "Bàbá, ọbẹ̀ dà?" Ó mú wáyà kẹ̀kẹ́, ó ń fi gún àwọn ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kò lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Iṣu tó wà nínú ọkọ̀ kò bá ọjà Ìbàdàn mọ́. Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá àgbà ti gbọ́ nípa èlùbọ́ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Ó wí wí wí. Bọ̀dá Rájí náà wí tirẹ̀. Àwa náà ń wo Bàbá, pé lónìí kẹ̀, ó máa sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀, ó bu omi àlùwàlá, ó ní, "Ó ṣáà dí ibi tó ń jò."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yìí, Bọ̀dá Rájí kò gbàṣẹ mọ́. Ó ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú oògùn rédíétọ̀ kan, omi aláwọ̀ ewé tó ń dán. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, wọ́n ní kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó pò ó mọ́ omi nínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tí èrò ń mu. Bí ọmọlúàbí ènìyàn bá máa ṣe ohun tó tọ́, kí ló dé tí kò lè ṣe é dé òpin? Bàbá dé, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá, ẹ má tọ́ ọ wò!" Bọ̀dá Rájí ń sáré bọ̀.

Ó ti tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló tu ú dànù, tí ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. "Ó dùn," ó wí. Ó fi omi ṣan ẹnu títí, ó ń tutọ́, ó tún ń ṣan án. Kí a tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti da gbogbo omi inú kẹ́ẹ̀gì náà sí ẹ̀bá ògiri, níbi tí ilẹ̀ ti jin kòtò díẹ̀. Bọ̀dá Rájí káwọ́ lérí.

Ìyá àgbà ní àgbò kan tó ń bọ́ de Iléyá. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, kòtò yẹn ló lọ tààrà. Adùn ló fà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri àgbàlá, ó ń forí gbá ògiri, ọmọ aládùúgbò kan sì ń béèrè ẹni tó fún àgbò lọ́tí mu nínú ilé mùsùlùmí. Kò pẹ́, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó ráyè dúńbú rẹ̀. Bàbá ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ kí a sin ín, kí ajá má baà jẹ níbẹ̀.

"Bàbá Rájí, ẹ ti pa àgbò mi," Ìyá àgbà wí.

"Èmi kọ́. Oògùn ọmọ rẹ ni."

"Ta ló dà á sílẹ̀?"

"Ta ló rà á wálé?"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí Iléyá fi kọjá. Ẹ má retí pé ó tọrọ àforíjì. Ó ń fi ikú àgbò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ṣe ẹ̀rí pé òun jàre. Ó pe gbogbo ọmọ ilé jọ, ó nàka sí ibi kòtò yẹn, ó ní, "Ohun tó bá dùn tí kì í ṣe oúnjẹ, ẹ sá fún un." Láti ọjọ́ náà, oògùn aláwọ̀ ewé di èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ sì padà sí omi rẹ̀ lásán, pẹ̀lú ìpẹtà, pẹ̀lú èérí funfun, pẹ̀lú ọkà tó ṣẹ́kù sínú ọ̀pá.

Ibi tí èyí gbé wa dé ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run. Mo ti lọ kí àwọn ẹbí bàbá mi ní Ìgbòho, mo sì wọ ọkọ̀ wa padà sí Ṣakí kí n lè múra àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́. Iṣu kún inú ọkọ̀, èrò jókòó lórí iṣu. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Ọmọ náà ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò tilẹ̀ lè sunkún mọ́. Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀nà, ọkọ̀ hó. Kò ya àwa tó ni ín lẹ́nu. A dúró sábẹ́ igi ẹmi kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Omi tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò tó ìdajì, akèrègbè èrò gbogbo sì ti gbẹ.

Ìyá náà sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́. Iyọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, ṣúgà ń bẹ lọ́wọ́ mi. Omi ni kò sí."

Bọ̀dá Rájí sọ̀rọ̀ kí Bàbá tó dáhùn, ọ̀rọ̀ tó sọ sì mọ́gbọ́n dání. "Ẹ jẹ́ á fún ọkọ̀, Bàbá. Tí ọkọ̀ bá mu ún, a ó dé Ṣakí kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn dókítà á fún ọmọ náà ní èyí tó dára ju ti inú kẹ́ẹ̀gì lọ." Gbogbo èrò ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá ní, "Tí ọkọ̀ bá mu ún tán, tó tún hó ńkọ́?"

Gbogbo wa mọ ọkọ̀ náà. Bàbá da omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé ìyá náà lọ́wọ́. Obìnrin náà po omi rẹ̀ sínú abọ́, ó ń fi ìdérí kẹ́ẹ̀gì bù ú sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ bì í. Ìyá rẹ̀ dúró, ó tún fún un. Ó gbé e mì.

Bọ̀dá Rájí kò lè wò ó. Ó fò sínú ọkọ̀, ó ní òun á rọra wà á lọ bẹ́ẹ̀, pé tó bá di Ṣakí òun á gbé omi padà wá. Bàbá pariwo, kò gbọ́. Ọkọ̀ náà gun òkè kékeré tó wà níwájú, èéfín funfun bo gbogbo rẹ̀, ohun kan dún gbì, ó sì dákẹ́. Gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì náà ti là. A fẹsẹ̀ rìn bá a níbẹ̀.

"Ẹ rí i, Bàbá? Ẹ rí ohun tí àìsí omi ṣe?"

"Kì í ṣe àìsí omi ló jó o, Rájí. Ìbínú rẹ ni."

"Àgídí yín ni!"

Àwọn méjèèjì jàre, kò sì sí èyí tó gbà nínú wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọkọ̀ mìíràn kọjá, ó gbé ìyá àti ọmọ náà. Ọmọ náà yè. Àwọn kan ní omi abẹ́ igi ẹmi ló gbà á là, àwọn kan ní ọkọ̀ kejì tó dé ni. Èmi ò mọ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé, ká ní oògùn Bọ̀dá Rájí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà, kí ni à bá fún ọmọ yẹn? Ká sì ní oògùn yẹn wà nínú rédíétọ̀, ṣé ọkọ̀ ì bá tiẹ̀ hó rárá? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, orí ló ń fọ́ mi.

Ọkọ̀ wa kò rìn mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Àwọn ẹgbẹ́ mi padà sí ilé ẹ̀kọ́, èmi jókòó sílé, mò ń bá Ìyá àgbà sá iṣu. Mo bínú, mo sì jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ìwé mi tọrẹ fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí."

Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ìwé á dúró dè ọ́, Àjíkẹ́. Ọmọ yẹn ò lè dúró."

Mo dìde níwájú rẹ̀, torí mi ò rí èsì rẹ̀. Ìwé dúró dè mí lóòótọ́. Mo di olùkọ́, Ìṣẹ́yìn ni mo wà tí mo ti ń kọ́ni. Mi ò sì tíì rí èsì náà.

Lẹ́yìn tí Bàbá kú, tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀, Bọ̀dá Rájí ra oògùn aláwọ̀ ewé. Ó fọ inú rédíétọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ó gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀yìnkùlé, ó da ìdọ̀tí omi náà sí i, ó sì bò ó kí ewúrẹ́ má baà débẹ̀. Inú agolo àtijọ́ kan ló ti po oògùn náà, èyí tó ṣẹ́kù ló gbé sí òkè àjà, ó tì í pa. Ó bu èyí tó pò sí rédíétọ̀, a wọ ọkọ̀, ó di Ìgbòho, a sì padà nínú oòrùn gangan. Ọkọ̀ kò hó. A kọjá igi ẹmi yẹn, a gun òkè yẹn, kò hó. Mò ń wo iwájú ọkọ̀, mò ń retí èéfín. Mo fẹ́ kó hó! Inú bí mi pé kò hó. Iyàn ọdún gbọọrọ ni Bọ̀dá Rájí jàre rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tí ì bá sọ ọ́ fún kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi ń dà lójú mi, mo ní eruku ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a níta níbi tó ti ń fi yanrìn àti ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì. Ó ní kí n pọn omi wá. Mo lọ sí kànga, mo pọn ọ́n, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì fún un.

"Bọ̀dá, rédíétọ̀ ò nílò omi yìí mọ́ o."

"Ta ló sọ fún ọ pé rédíétọ̀ ni mo fẹ́ fún?"

Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó yí i lẹ́nu, ó gbójú sókè. Mò ń wò ó. Ó tu ú dànù, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó da gbogbo omi tí mo pọn nù.

"Ẹnu mi kọ̀ ọ́," ó wí. "Lọ pọn òmíràn."